Sienna, Odyssey, Sharan tàbí Highlander: Ọkọ̀ Wo Ló Lè Gbé Ọmọ àti Ẹrù Pọ̀ ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara?

Níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, iye ìjókòó ni alágbàtà máa ń kọ́kọ́ kà sí oníbàárà létí. "Méje nìyí, gbogbo ilé yín ló máa wọ̀ ọ́." Kò purọ́, gbogbo ilé á wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ mẹ́rin jókòó tán ní Òmù-Àrán, kí àpò gàrí méjì, kẹ́ẹ̀gì epo pupa àti iṣu tí ará oko kó sílẹ̀ wá máa wò yín lójú lẹ́bàá ọ̀nà. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ pé ọkọ̀ méjì lè ní ìjókòó méje-méje, kí wọ́n má sì jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn.

Ohun kan ṣoṣo la fi ń wọn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan níbí: bí gbogbo ìjókòó bá wà ní ìdúró, tí ọmọ sì wà lórí wọn, àyè mélòó ló kù fún ẹrù, ìwúwo mélòó sì ni ọkọ̀ náà ṣì lè rù? Ẹ má gbà kí alágbàtà ká ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀ kó tó ṣí bùútù hàn yín. Ẹ ní kó gbé e dìde, kẹ́ ẹ wá wọn ohun tó kù.

Ìwúwo ni ká kọ́kọ́ ṣírò

Lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, wọ́n máa ń lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ọn. Lórí èyí tó wà lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n kọ iye kìlò tí èèyàn àti ẹrù pa pọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ká ní 520 kg ló wà níbẹ̀. Bàbá jẹ́ 80, ìyá 70, ọmọ mẹ́rin pa pọ̀ 120. Ó di 270, ó ku 250. Àpò gàrí oníkìlò 50 méjì ti kó 100 nínú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa onílítà 25 méjì tó nǹkan bíi kìlò 46. Ó ku 104. Tí iṣu kan bá jẹ́ kìlò mẹ́ta, ogójì iṣu jẹ́ 120. Ẹ ti kọjá ààlà pẹ̀lú kìlò 16, bẹ́ẹ̀ bùútù lè má tíì kún.

Ohun tó máa ń tẹ̀lé e rèé: ìdí ọkọ̀ á wálẹ̀, iná iwájú á máa tàn sójú ẹni tó ń bọ̀, táyà ẹ̀yìn á gbóná, búréèkì á pẹ́ kó tó mú. Àwọn kan máa ń ki rọ́bà sáàárín sípíríìnì ẹ̀yìn kí ìdí ọkọ̀ lè ga. Gíga lásán ni. Búréèkì, táyà àti bíárìn ẹsẹ̀ kò lágbára ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Sienna

Òun ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Ọ̀fà àti Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán, ìdí rẹ̀ sì ṣe kedere. Lẹ́yìn ìjókòó kẹta èyí tí wọ́n ṣe láti 2004, ilẹ̀ bùútù jìn bí kòtò. Bí ẹ bá ká ìjókòó náà, inú kòtò yẹn ló ń wọ̀, ilẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ìjókòó bá wà ní ìdúró, inú kòtò náà lẹrù ń wọ̀, kò sì ní ga ju ẹ̀yìn orí ọmọ lọ. Wọ́n tún pín ìjókòó kẹta náà sí méjì tí kò dọ́gba: ẹ lè ká apá ńlá fún iṣu, kí ọmọ kan ṣì jókòó sí apá kejì. Ìjókòó àárín ṣeé yọ kúrò pátápátá. Bí wọ́n bá yọ ọ́, pákó pílíwúùdù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ á tẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ láìtẹ̀.

Ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì tún ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹni tó bá ti páàkì ní Ọjà Ọba, tí kẹ̀kẹ́ Napep há a mọ́ lápá ọ̀tún, tí ọlọ́mọlanké há a mọ́ lápá òsì, mọ iyì èyí. Ọmọ kò lè ṣí ilẹ̀kùn lu ẹni tó ń kọjá.

Ibi tó ti yẹ ká ṣọ́ra ni ọdún tí wọ́n ṣe é, torí ẹ́ńjìnì yàtọ̀ síra gan-an. Ti 1998 sí 2003 ń lo ẹ́ńjìnì 3.0 onísìlíńdà mẹ́fà. Bí wọ́n bá fi ọ́ìlì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ láìpààrọ̀, ọ́ìlì náà á dì sínú ẹ́ńjìnì bí ọ̀dà, á sì dí ojú ihò tó ń gbà kọjá. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun dúdú tó dì, ẹ má bá wọn ná an. Ti 2004 sí 2006 ń lo 3.3, bẹ́líìtì sì ló ń yí orí ẹ́ńjìnì rẹ̀. Máìlì 90,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 144,000, ni kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì náà. Bí ẹni tó ń tà kò bá rí ẹ̀rí pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí gbèsè, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san. Ẹ ní kí mẹkáníìkì pààrọ̀ pọ́ǹpù omi pẹ̀lú rẹ̀, torí ibì kan náà ni wọ́n máa tú.

Ti 2007 sí 2010 ló dáa jù fún iṣẹ́ tí à ń sọ yìí. Ẹ́ńjìnì 3.5 ni, ṣéènì ló ń lò, kò sí bẹ́líìtì tẹ́ ẹ máa pààrọ̀ nígbà tó bá tó kìlómítà báyìí. Àléébù rẹ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Páìpù ọ́ìlì tín-ín-rín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Rọ́bà yẹn máa ń bẹ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì á sì dà tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Awakọ̀ tí kò bá pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀ tí iná ọ́ìlì pupa bá tàn á ra ẹ́ńjìnì mìíràn. Páìpù tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ wà, ẹ ní kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ náà rìn jìnnà.

Àwọn alágbàtà kan sì máa ń pe 2006 ní 2007. Nọ́ńbà ṣáàsì, tí lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún, wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá awakọ̀. Ẹ ka èyí tó ṣe ìkẹwàá: 6 jẹ́ 2006, 7 jẹ́ 2007, 8 jẹ́ 2008. Nọ́ńbà Sienna tí wọ́n kọ́ ní Amẹ́ríkà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5TD. Ìyàtọ̀ nọ́ńbà kan yẹn ni ìyàtọ̀ bẹ́líìtì àti ṣéènì.

Ẹ tún ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan láti inú àti láti ìta, títí kan ti bùútù. Ọwọ́ ike tí wọ́n fi ń ṣí i máa ń dá. Níbi tí mọ́tọ̀ kékeré bá ti ń fa ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, wáyà inú rẹ̀ máa ń já, ilẹ̀kùn á sì há. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti yọ mọ́tọ̀ náà, wọ́n ń fọwọ́ fà á. Kò burú, bó bá ṣáà ń lọ geere. Táyà ìpamọ́ ń rọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ lórí wáyà irin. Ní 2010, Toyota pe Sienna 1998 sí 2010 padà nítorí wáyà yìí, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òjò dídì ń jẹ ẹ́. Tòkunbọ̀ tó ti irú ìlú bẹ́ẹ̀ wá ṣì wà, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ yẹra fún Sienna tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà: èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2010 kò ní táyà ìpamọ́ rárá, táyà pàtàkì tó lè rìn láìní afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi sí i, irú táyà bẹ́ẹ̀ kì í sì í wà lọ́wọ́ fọganáísà lójú ọ̀nà Òrò.

Odyssey, tí wọ́n máa ń fi dípò rẹ̀

Inú Odyssey 2005 sí 2010 fẹ̀ bíi ti Sienna, kòtò bùútù wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún ń dì mọ́ ojú ọ̀nà ju Sienna lọ. Kí ló dé tí owó rẹ̀ fi máa ń kéré sí i? Jíà ni. Ti 1999 sí 2004 bà á lórúkọ jẹ́ débi tí Honda fi ní láti fi kún àkókò tó fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ jíà náà lórí 1999 sí 2001. Èyí tó dé láti 2005 sàn jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò gba ọ́ìlì jíà kan tó yàtọ̀ sí ti Honda fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rọ ọ́ìlì pupa inú dúrọ́ọ̀mù sí i ń fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́ ni.

Bẹ́líìtì ló wà nínú ẹ́ńjìnì Odyssey onísìlíńdà mẹ́fà wọ̀nyí, máìlì 105,000 ni àkókò rẹ̀. Níbí, bẹ́líìtì tó já kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ọkọ̀ kú sójú ọ̀nà nìkan: fáàfù á kọlu písítìnì, ẹ́ńjìnì á sì bàjẹ́. Àwọn Odyssey kan tí wọ́n kọ EX-L tàbí Touring sí lára ń pa sìlíńdà mẹ́ta fúnra wọn lórí ìrìn tó rọrùn láti dín epo kù. Ìgbọ̀nrìrì tó ń wá látinú rẹ̀ ni rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnì dúró wà fún, rọ́bà náà sì wọ́n. Tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tó bá dúró nínú jíà, ẹ béèrè nípa rẹ̀. Touring kan tún wà tó ń lo ẹsẹ̀ àti táyà PAX ti Michelin. Ẹ̀rọ tí fọganáísà wa fi ń tú táyà kò lè tú u. Kẹ́ ẹ tó san owó, kí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ lásán rọ́pò rẹ̀.

Odyssey sún mọ́ ilẹ̀. Fún ẹni tó ń gbé Táńkẹ́ tó sì ń lọ sí ọjà Mandate, kò ṣe nǹkan. Fún ẹni tó ń wọ ọ̀nà ilẹ̀ lọ sóko lẹ́yìn Ìsánlú-Ìsin pẹ̀lú ẹrù, abẹ́ rẹ̀ á máa ha ilẹ̀.

Sharan

Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sharan níhìn-ín ni èyí tí Volkswagen ṣe láti 1995 sí 2010. Ford Galaxy àtijọ́ àti SEAT Alhambra jẹ́ ìbejì rẹ̀, ilé iṣẹ́ kan náà ní Pọ́túgà ni wọ́n ti jáde, nítorí náà ẹ̀yà ara wọn máa ń bára mu. Ìjókòó kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì ṣeé yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: ẹ yọ méjì ẹ̀yìn sílé, ẹ ti ní bùútù ńlá. Kìkì pé tí ìjókòó bá ti wà nílé, tí àlejò bá dé lójijì lójú ọ̀nà, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe. Ti Sienna wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo.

Bí gbogbo ìjókòó méje bá wà nínú rẹ̀, àpò ilé ìwé àti kẹ́ẹ̀gì kan ló kù fún bùútù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí bíi ti mọ́tò lásán, kì í fà. Ohun tó mú àwọn awakọ̀ èrò fẹ́ràn rẹ̀ ni jíà ọlọ́wọ́ àti epo tí kò jẹ púpọ̀, pàápàá èyí tó ń lo dísù. Ẹ́ńjìnì dísù 1.9 rẹ̀ ń lo bẹ́líìtì, ó sì fẹ́ mẹkáníìkì tó mọ Volkswagen. Bí ẹ kò bá ní irú mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ nítòsí, ẹ fi sílẹ̀. Sharan tó ti fi èrò rìn fún ọdún mẹ́ta kò sí lára ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi gbé ọmọ, bó ti wù kí wọ́n kùn ún tó.

Highlander àti àwọn jíípù tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta

Ó ga, ó lẹ́wà, ó sì lè kọjá níbi tí òjò ti wa ọ̀nà. Àmọ́ ìjókòó kẹta Highlander (2004 ló kọ́kọ́ ní i) jẹ́ ti ọmọdé, tí ọmọ bá sì jókòó síbẹ̀, ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò gba àpò gàrí kan ní ìdùbúlẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ méjì, tó sì máa ń ká ìjókòó kẹta sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ló máa jèrè rẹ̀. Tí ẹ bá ń wo ti àkọ́kọ́, 2001 sí 2007, onísìlíńdà mẹ́rin 2.4, ẹ wo ìpele omi rẹ́díétọ̀ àti ẹ̀yìn orí ẹ́ńjìnì dáadáa: bọ́ọ̀tì tó di orí ẹ́ńjìnì mú máa ń jẹ ojú ihò rẹ̀, omi á máa jò, ọkọ̀ á sì máa gbóná. Onísìlíńdà mẹ́fà kò ní àìsàn yẹn.

Àwọn tó kù, ní ṣókí

Pijó 504 sítésọ̀n wágọ́ọ̀nù, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ṣì ń kó iṣu láti oko. Sípíríìnì méjì-méjì ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí ohun tẹ́ ẹ dì sí i tó máa sọ pé ó pọ̀. Fún ẹrù, a gbà. Fún ọmọ, rárá: ó ti gbó, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sábà ní bẹ́líìtì, gíláàsì bùútù sì wà lẹ́bàá orí ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin: èèyàn márùn-ún, ẹrù lẹ́yìn, owó gọbọi. Oko ló wà fún. Bí ọmọ yín bá ju mẹ́ta lọ, ẹnì kan á gòkè lọ sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù, ìyẹn ni kò sì yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá.

Toyota Matrix 2003 sí 2008 ló yẹ kí tọkọtaya ọlọ́mọ méjì kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó máa wá ọkọ̀ ńlá tí kò kàn wọ́n. Ilẹ̀ bùútù rẹ̀ jẹ́ ike líle, ẹ lè fi omi nù ún. Ìjókòó ẹ̀yìn àti ti iwájú lápá ọ̀tún ń ká sílẹ̀, pákó tàbí páìpù gígùn á wọlé.

| | Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn | Ẹrù tí ìjókòó bá kún | Tó ń yí orí ẹ́ńjìnì |
|---|---|---|---|
| Sienna 2004–06 | ń fà | púpọ̀ | bẹ́líìtì |
| Sienna 2007–10 | ń fà | púpọ̀ | ṣéènì |
| Odyssey 2005–10 | ń fà | púpọ̀ | bẹ́líìtì |
| Sharan dísù 1.9 | ń ṣí lásán | kékeré | bẹ́líìtì |
| Highlander 2.4 | ń ṣí lásán | kékeré gan-an | ṣéènì |
| Matrix | ń ṣí lásán | ìwọ̀nba | ṣéènì |

Epo

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, kò sẹ́ni tó lè fojú fo ọ̀rọ̀ yìí. Sienna 3.5 máa ń jó nǹkan bíi lítà 14 fún kìlómítà 100 nínú ìlú, 10 sí 11 lójú ọ̀nà tó já geere. Matrix á jó bíi 9 ààbọ̀ nínú ìlú. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà 30 lóòjọ́ láàárín Gáà Àkàńbí àti Post Office fún ọjọ́ mẹ́fà á jó lítà 25 pẹ̀lú Sienna, 17 pẹ̀lú Matrix. Lítà mẹ́jọ lọ́sẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún péré lẹ ń kó ẹrù láti ilé, ó sàn kẹ́ ẹ ra Matrix, kẹ́ ẹ sì máa háyà ọkọ̀ ẹrù lọ́jọ́ náà.

Táyà, àti bí a ṣe ń di ẹrù

Ìwọ̀n táyà Sienna 2004 sí 2010 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 16 ni 215/65R16. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e, bíi 98, ni agbára rẹ̀: 98 lè ru kìlò 750, 95 lè ru 690 péré. Àwọn tó ń ta táyà á sọ pé ìkan náà ni. Ìkan náà kọ́. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àpótí kékeré lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà: 3521 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ ìkarùndínlógójì ọdún 2021. Ọdún mẹ́rin ni Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní kí táyà lò, láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Afẹ́fẹ́ 35 ni kẹ́ ẹ fọn sí ti Sienna, nígbà tí táyà bá ṣì tutù.

Ohun tó wúwo jù ni kó kọ́kọ́ wọlé, kó sùn sí ìsàlẹ̀ kòtò, kó fara ti ẹ̀yìn ìjókòó. Kẹ́ẹ̀gì kò gbọdọ̀ ga ju orí ìjókòó lọ, ẹ sì fi okùn dè é: bí awakọ̀ bá tẹ búréèkì lójijì lórí eré 80, kìlò 25 tó wà lẹ́yìn orí ọmọ ń bọ̀ wá iwájú ni. Orí òrùlé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí kò gbà ju kìlò 70 sí 100 lọ, nítorí náà àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta kì í ṣe ẹrù orí òrùlé. Ẹ má fi bùútù sílẹ̀ ní ṣíṣí, kẹ́ ẹ fi okùn dè é nítorí pé ẹrù yọ síta. Èéfín ẹ́ńjìnì á máa padà wọlé, ìjókòó kẹta tí ọmọ wà ló sì máa kọ́kọ́ dé. Bó bá gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí ọmọ wọ ọkọ̀ mìíràn. Ọmọ tó bá ń lo àga ọmọdé, ìjókòó àárín ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà lẹ́yìn September 2002 ní irin ìdè rẹ̀ láàárín ìtẹ́lẹ̀ àti ẹ̀yìn ìjókòó.

Kẹ́ ẹ tó san owó

Láti January 2017, ìjọba kò gbà kí wọ́n gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé mọ́. Ẹ wo ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà ṣáàsì tó wà nínú rẹ̀ wé ti ara ọkọ̀, ẹyọ kan lẹ́yìn ẹyọ kan. Ẹ wa ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú ogún ó kéré tán, kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, torí jíà tó ń fò kì í sábà hàn nígbà tó bá ṣì tutù. Ẹ tan ẹ́sì, kẹ́ ẹ lọ jókòó sí ìjókòó kẹta. Bí tútù kò bá dé ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí páìpù tó lọ sẹ́yìn ti jò, kí wọ́n sì ti dí i pa.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì bùútù sókè, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ kòtò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbé àgbò Iléyá rí. Ìtọ̀ àgbò máa ń wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, á jẹ irin, á sì jẹ ẹnu wáyà iná ẹ̀yìn. Òórùn rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń fọ́n lọ́fínńdà sínú ọkọ̀ kí oníbàárà tó dé. Nígbà tí tiyín náà bá fẹ́ gbé àgbò, ẹ tẹ́ tapolíìnì tí etí rẹ̀ ká sókè yíká, ẹ da lẹ́búlẹ́bú pákó sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.